Ẹnu Ṣáájú Ìwé: Àsọyé lórí Ìtàn Bí A Ti Ń Kọ́ Ènìyàn Ní Sísọ Èdè Nínú Kíláàsì

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ni ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ ti ń gbà, láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, láti mú kí ẹni tí ń kọ́ èdè kan lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Sísọ ni mo wí, n kò wí kíkà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó lè ka ìwé ní èdè kan tí wọn kò sì lè fi èdè náà ra iyọ̀ lọ́jà. Irú wọn wà láàárín àwọn ọmọ wa lónìí pẹ̀lú: ọmọ tí ń ka orin inú ìwé orin Yorùbá láìsí àṣìṣe kan, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá bi í ní ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn, tàbí kí ó rẹ́rìn-ín kí ó sì dákẹ́. Ọ̀ràn náà ti pẹ́ ju bí a ti rò lọ, àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ sì ti bá a jà kí a tó bí wa.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà kò sí ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta, bí kò ṣe ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ènìyàn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lọ. Ẹni tí ó gbọ́ èdè kan kò gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀, ilé-ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì sì dá sílẹ̀ fún wọn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń lò níbẹ̀. Lára àwọn tí ó tètè rí àléébù ẹ̀kọ́ náà ni obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hannah Kilham, ará ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìjọ Quaker. Kí obìnrin yìí tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Áfríkà rárá, ó ti wá olùkọ́ fún ara rẹ̀. Àwọn atukọ̀ méjì tí Wólófù jẹ́ èdè abínibí wọn ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Lẹ́nu wọn ni ó ti kọ́ èdè náà, ní ọdún 1820 ó sì tẹ ìwé ẹ̀kọ́ kékeré kan jáde ní Wólófù àti Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ó dé Sàró, ohun tí ó rí nínú àwọn kíláàsì kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ni a ń fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì lé lọ́wọ́. Wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ohùn wọn sì ń dún kíkankíkan, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kò bá ohùn náà rìn. Kilham wí pé kí a fi èdè tí ọmọ gbọ́ ṣe àtẹ̀gùn dé èdè tí kò gbọ́. Nítorí náà ni ó ṣe jókòó ti àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tí ó ń bi wọ́n léèrè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, títí ó fi kó ọ̀rọ̀ láti inú ọgbọ̀n èdè jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1828. Èdè tiwa wà nínú wọn. Ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní abúlé Charlotte fún àwọn ọmọ tí a gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ojú òkun ni ó kú sí ní ọdún 1832. Bí a bá wo gbogbo àwọn tí ó kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀ ni ó sọ ohun tí obìnrin yìí kò ti sọ ṣáájú.

Ní Freetown kan náà ni a ti ń pe àwọn ènìyàn wa ní Akú. Ẹ mọ ibi tí orúkọ náà ti wá: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu. Àwọn àjèjì tí ó gbọ́ wọn kò mọ Ọ̀yọ́, wọn kò mọ Ẹ̀gbá, wọn kò mọ Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn yìí kì í pàdé ara wọn kí wọ́n má kí ara wọn, àti pé ìkíni wọn kì í lọ láìní ìdáhùn. Láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ti sọ wá lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí Àlùfáà John Raban ti Ẹgbẹ́ C.M.S. bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn ìwé ọ̀rọ̀ kéékèèké jáde ní èdè wa láàárín ọdún 1830 sí 1832, Eyo tàbí Aku ni ó pe èdè náà. Ó yẹ kí a kíyè sí bí iṣẹ́ Raban ti rí. Òun ni olùkọ́ àwọn Akú nínú ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀ràn èdè, àwọn Akú ni olùkọ́ rẹ̀. Ìwé kankan kò sí tí ó lè ṣí kà. Ó ní láti béèrè, kí ó gbọ́, kí ó pè é, kí a sì wí fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó tún un pè. Raban yìí náà ni ó ṣe ìrìbọmi fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òṣogùn ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí a ń pè ní Àjàyí, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Crowther, nítorí a ti gbọ́ púpọ̀ nípa ìwé tí ó kọ, a kò sì gbọ́ tó nípa ẹnu rẹ̀. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú, ní 1822 ni ó dé Freetown, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ni ó sì lè ka Májẹ̀mú Titun ní Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń gbàdúrà nínú ìjọ. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1843, ọdún kan náà tí a fi í jẹ àlùfáà. Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Àwọn ènìyàn wá wò ó, wọ́n gbọ́ àdúrà ní èdè ìyá wọn, wọ́n sì fi ẹnu kan dáhùn pé kí ó ṣẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí Crowther kọ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ nípa ọjọ́ náà yà mí lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ó wí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè abínibí òun, tí òun sì mọ̀ ọ́n dáadáa, lọ́jọ́ náà ó dàbí ẹni pé ọmọ-ọwọ́ ni òun, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti fọ èdè ìyá rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó ti kọ ìwé ọ̀rọ̀ lórí èdè náà, ẹni tí a óò máa pè ní baba ìwé Yorùbá, òun ni ahọ́n rẹ̀ wúwo. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀rọ̀. Ohun tí kò tíì ṣe ni pé kò tíì dúró níwájú ènìyàn kí ó fi èdè náà ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Mímọ̀ èdè jẹ́ ohun kan, fífi í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń wo ojú rẹ jẹ́ òmíràn, ènìyàn kò sì lè rí èkejì gbà nípa fífi kún èkíní. Crowther kò padà sí ìdí ìwé láti wo àrùn yìí sàn. Ó tún wàásù ni, ó sì ń wàásù lọ. Nígbà tí ó fi rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn méjèèjì jókòó wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu wọn. Ayọ̀ ni ó fa ìyẹn, kì í ṣe àìgbédè.

Àwọn òyìnbó tí ó bá a wá sí ilẹ̀ wa ní ìdààmú tiwọn, ohùn sì ni olórí rẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ẹni tí ó bá fi ojú kọ́ àwọn wọ̀nyí láìfi etí kọ́ wọn yóò wí fún obìnrin pé kí ó gbé ọkọ rẹ̀ wá kí wọ́n fi ro oko. Crowther ti rí i pé láìfi àmì ohùn sí orí ọ̀rọ̀, ìwé yóò ṣi àjèjì lọ́nà, ó sì fi wọ́n sí i. Síbẹ̀ àmì kì í ké. Ó ń rán etí tí ó ti gbọ́ rí létí ni. Ẹni tí ó mọ̀ èyí ní ti gidi ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí ó dé ní ọdún 1850. Ìgbòho ni ó ń lọ. Ogun dí ọ̀nà, ó sì dúró ní Abẹ́òkúta ju ọdún kan lọ láàárín àwọn ènìyàn. Ìdádúró náà ni ó ṣe ilé-ìwé fún un. Gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè tí ó kọ jáde ní ọdún 1858. Nígbà tí àìsàn sì lé e kúrò ní ilẹ̀ wa tí a rán an lọ sí Brazil ní nǹkan bí ọdún 1860, ó bá àwọn Yorùbá tí wọ́n wà lóko ẹrú pàdé ní Rio de Janeiro, ó sì bá wọn sọ èdè wọn. Gírámà rẹ̀ ṣì wà nínú ilé ìkówèésí. Ṣùgbọ́n n kò rò pé gírámà ni ó mú kí ẹrú kan ní Rio yíjú padà nígbà tí ó gbọ́ ìkíni ilé rẹ̀ lẹ́nu òyìnbó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yí i padà, kí a wo bí a ti kọ́ àwa náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1882 òfin ẹ̀kọ́ kan jáde tí ó kan Èkó. Nípa òfin yìí, ìjọba ń san owó ìrànwọ́ fún ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ti ṣe sí nígbà ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń dán wọn wò. Kò sí owó kankan fún èdè ìbílẹ̀. Àwọn ará Èkó kan fi ẹ̀hónú hàn, àwọn míṣọ́nnárì pẹ̀lú. Bí owó olùkọ́ bá dúró lórí ohun tí alábẹ̀wò yóò gbọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, kí ni olùkọ́ yóò ṣe? Yóò mú kí àwọn ọmọ kọ́ ojú-ìwé náà sórí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé kíláàsì tí gbogbo wa mọ̀ kalẹ̀: olùkọ́ pe gbólóhùn, ogójì ọmọ gbà á lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú igbe, a tún un pè, agogo lù. Àwọn ilé-ìwé kan tún fi ìyà kún un fún ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá láàárín ọgbà, bí ẹni pé bí a bá ti pa ẹnu kan dé, òmíràn yóò ṣí fúnra rẹ̀.

N kò fẹ́ kí a bú àwọn olùkọ́ àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Igbe àjùmọ̀ké ní èrè tirẹ̀. Ọmọ tí ojú ń tì lè fi ara pamọ́ sínú rẹ̀, kí ahọ́n rẹ̀ gbìyànjú ohun tí kò lè dá gbìyànjú. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kò ní ohun tí ó fẹ́ béèrè, olùkọ́ kò sì ní ohun tí ó fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹyẹ ayékòótọ́ pàápàá lè ṣe é.

Ó ṣe ni láàánú pé ní ọdún 1882 yẹn gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì, Wilhelm Viëtor, tẹ ìwé kékeré kan jáde lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó fi kígbe pé kí ẹ̀kọ́ èdè yí padà kúrò ní ọ̀nà tí ó ń rìn. Ní Europe nígbà náà, bí a ti ń kọ́ èdè Látìnì tí ó ti kú ni a ń kọ́ èdè àwọn alààyè: òfin gírámà ṣáájú, ìtumọ̀ ẹsẹ-ẹsẹ tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì sí. Viëtor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni èdè, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbọ́, kí ó sọ, lẹ́yìn náà kí ó kà. Ní ọdún 1886 Paul Passy ní ilẹ̀ Faransé kó àwọn olùkọ́ jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí ó fi ìró ọ̀rọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ní òdìkejì òkun, ọ̀ràn náà ti gba ọ̀nà mìíràn, àsèsé bí eré. Maximilian Berlitz, ọmọ Jámánì tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, dá ilé-ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ ní Providence ní ọdún 1878. A máa ń sọ ọ́ pé ó gba ará Faransé kan, Nicholas Joly, láti ràn án lọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé ọkùnrin náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Àìsàn sì dá Berlitz dùbúlẹ̀. Ó wí fún Joly pé kí ó máa tọ́ka sí nǹkan kí ó sì máa dárúkọ wọn, kí ó máa fi ìṣe hàn. Nígbà tí ó jí pépé padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ó sì ń retí ìbínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó bá wọn tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè tí wọ́n sì ń dáhùn ní èdè Faransé. Bóyá a ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ Berlitz tàn ká ayé lórí ọ̀nà yìí, a kì í sì í lo èdè akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì rẹ̀.

Ẹ ó ti rí i pé Berlitz àti Hannah Kilham kò sọ ohun kan náà. Kilham fẹ́ èdè ìyá nínú kíláàsì. Berlitz lé e jáde. Èwo ni a ó tẹ̀lé? Ìdáhùn tí ó wúlò jù fún wa ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Fún odidi ọdún mẹ́fà ni a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù; a sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ lórí ọ̀nà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta. A kò fi Gẹ̀ẹ́sì du àwọn ti ìṣáájú. Wọ́n ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí a dìídì yàn fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wọn yóò bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn sí àwọn yòókù nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tilẹ̀ tayọ wọn. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni ó ní ẹ̀tọ́, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀: èdè ìyá fún òye, èdè titun fún wákàtí tí a yà sọ́tọ̀ fún un, lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ.

Ní àkókò wa yìí ìtàn náà ti yí ojú padà. Èdè tí a ní láti kọ́ ọmọ nínú kíláàsì lónìí, Yorùbá ni. Ní London, ní Houston, àti ní àwọn ilé kan ní Èkó níhìn-ín pàápàá, ọmọ wà tí ó gbọ́ gbogbo ohun tí a ń wí tí kò sì lè dá gbólóhùn mẹ́ta sọ. Ìjọ púpọ̀ ti yà wákàtí kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìsìn láti kọ́ wọn. Mo ti rí díẹ̀ nínú àwọn kíláàsì wọ̀nyí, inú mi sì dùn sí ìtara tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a, b, d ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹranko tẹ̀lé e, lẹ́yìn èyí ẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí. Kíláàsì ọdún 1882 ni èyí, àwọ̀ ni a pa láró. Kí ni ó dé tí a kì í fi ohun tí àwọn ará Freetown kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wa bẹ̀rẹ̀? Ìkíni wa ń béèrè ìdáhùn. Ọmọ tí a bá kí ní ẹ kú iṣẹ́ kò lè gbà á lẹ́nu olùkọ́ bí ayékòótọ́, ó ní láti dá a lóhùn. Nínú rẹ̀ ni yóò ti kọ́ ẹ àti o, ẹni tí a ń wí èkíní fún àti ẹni tí a ń wí èkejì fún, èyí tí gírámà kò lè kọ́ ọ tán. Ààlọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn baba wa kì í pa á fún etí tí ó dákẹ́. Bí apààlọ́ bá pè, àwọn ọmọ ní láti jẹ́, bí orin bá dé, tiwọn ni ègbè.

Ìṣòro kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Bí ọmọ wọ̀nyí bá la ẹnu, àwa àgbà a máa rẹ́rìn-ín. A ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìfẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ̀ ìyàtọ̀. Ohùn tí ó ṣì gbé ni ó fa ẹ̀rín náà, nítorí náà kò ní gbé ohùn mọ́. Olùkọ́ tí ó gbọ́n a máa dá gbólóhùn náà padà fún un bí ó ti yẹ, láìdúró lé e, a sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí ọmọ bá wí pé òun ra ọkọ́ lánàá, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ̀ ni bàbá rẹ̀ rà, kí olùkọ́ wí pé, Ẹ ra ọkọ̀? Irú àwọ̀ wo ni ọkọ̀ náà ní? Ọmọ náà yóò gbọ́ ohùn títọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì ní ìbéèrè kan láti dáhùn, èyí tí olùkọ́ kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀ràn àkókò náà wà. Bí ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá wà nínú kíláàsì wákàtí kan, tí olùkọ́ sì sọ̀rọ̀ fún ìdajì rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì péré ni ó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan láti sọ Yorùbá ní odidi ọ̀sẹ̀ náà, bí a bá tilẹ̀ pín in dọ́gbadọ́gba. Bí a bá pe àgbà kan wọlé láti mú wọn di mẹ́rìndínlógún, tí a sì pín wọn ní méjì-méjì kí wọ́n máa bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n jẹ lánàá, ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n wò, ibi tí wọ́n lọ, olúkúlùkù yóò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìdajì wákàtí kan náà. Ariwo yóò pọ̀ nínú iyàrá náà. Kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ tí ń jókòó nínú iyàrá kejì jọ̀wọ́ fara dà á.